Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Wọ́n Ń Gbà Ní Kùtọnú

Búrẹ́dì ni Fàúsátù kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Búrẹ́dì gígùn gbọọrọ bí igi ìdáná, ó kún apẹ̀rẹ̀ kan fọ́fọ́ níwájú kẹ̀kẹ́, ó sì ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀ lójú títì lẹ́bàá ọjà Dàǹtọ́kpá nílùú Kùtọnú, bí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá a. Lókè apẹ̀rẹ̀ náà, ojú méjì yọ. Wọ́n funfun, wọ́n là kalẹ̀, ìpayà sì kún inú wọn.

Fàúsátù lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà lu tirẹ̀. Fàúsátù yà sí òsì, bí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ dírẹ́bà ṣe kọ́ ọ láti kékeré. Ọkùnrin náà yà sí ọ̀tún, bí gbogbo ìlú rẹ̀ ṣe ń yà. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹni méjì bá kọjú síra, òsì ẹnì kan ni ọ̀tún ẹnì kejì.

Gbàgà!

Kẹ̀kẹ́ ṣubú lu kẹ̀kẹ́. Búrẹ́dì fọ́n ká sórí iyanrìn. Ọ̀kan yí gbirigbiri lọ sábẹ́ igbá ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ja náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ègùn ṣépè tí kò nílò ògbufọ̀.

"Ṣé o kì í ríran ni?" Fàúsátù figbe bọnu ní Yorùbá, nítorí ìbínú kì í dúró wá èdè. "Kí lo wá ṣe ní ọwọ́ tèmi?"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ láàárín búrẹ́dì bí ọba tí àwọn ìjòyè yí ká. Ó ń wò ó. Iyanrìn wà ní irun rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní igun ẹnu rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ọmọ Yorùbá ni yín?"

"Kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Òsì ni wọ́n ń gbà!"

"Ní ìlú wo?"

"Ní gbogbo ìlú!"

Ọkùnrin náà nawọ́ sójú títì. Fàúsátù yíjú. Mọ́tò ń lọ, alùpùpù ń lọ, ìyàwó olówó kan tó gun kẹ̀kẹ́ tòun ti gèlè ń lọ, gbogbo wọn pátá, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbà. Òun nìkan ṣoṣo ló wà lósì ní gbogbo Kùtọnú. Ojú tì í, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ pa mí," ni ọkùnrin náà wí, "ẹ jẹ́ kí n mọ orúkọ ẹni tó pa mí."

"Fàúsátù. Tíṣà ni mí, ní Ìbà, nílùú Èkó."

"Abọ́dúnrìn ni èmi. Èmi ni mo máa ń gbé búrẹ́dì ìyá mi kiri ìlú yìí. Lónìí, mo gbé e dé ilẹ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Fàúsátù kó tó mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òkokomáíkò ni Fàúsátù ti wá. Lákòókò yẹn, owó epo ti ń wọ ìlú Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá rí towó ṣe, mọ́tò tàbí alùpùpù ló ń lé. Ẹsẹ̀ ni Fàúsátù ń fi rìn nínú iyanrìn láàárọ̀ láti Òkokomáíkò dé ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà ní Ìbà, bàtà rẹ̀ a sì ti kún kó tó dé ibẹ̀. Obìnrin tó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ wọn, àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́ fún un bí eégún. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá kí Àǹtí Àníkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀ tó bímọ sí Kùtọnú, ní ìsinmi Kérésìmesì, ó rí i pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ló bá tọ Ègùn kan tó ń ta àlòkù lọ. Kẹ̀kẹ́ obìnrin kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, irin agbede méjì rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ kí ìró má bàa há. Ó ní kí òun gùn ún wò ná. Ìgùnwò yẹn ló ko búrẹ́dì.

Abọ́dúnrìn bá a gbé kẹ̀kẹ́ náà padà. Ó bá a ná an ní èdè Ègùn, ó sì mú kí ọlọ́jà náà pààrọ̀ bíréèkì tí kò mú mọ́. Nígbà tí Fàúsátù sanwó tán tó fẹ́ máa lọ, ó dí i lọ́nà.

"Tíṣà, ẹ ò lè gùn ún lọ sílé bẹ́ẹ̀. Àwa tá a ṣẹ́ kù nílùú ṣì fẹ́ wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín."

"Ìwọ fẹ́ kọ́ tíṣà?"

"Ọ̀tún nìkan. Ẹ lè kọ́ mi ní gbogbo ìyókù."

Báyìí ni Abọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìrọ̀lẹ́, tí búrẹ́dì bá ti tán nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gba etí òkun lọ, òun níwájú, Fàúsátù lẹ́yìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ ìborùn rẹ̀ bí àsíá. "Ọ̀tún, Tíṣà!" "Mo ti gbọ́, oníbúrẹ́dì!" "Òsì lẹ tún yà yẹn!" "Kẹ̀kẹ́ ló yà, èmi kọ́!" Nígbà tó yá, "ẹ" di "o", "Tíṣà" di "Fàúsá", kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

Ẹ̀gbá ni bàbá Abọ́dúnrìn, ó ti dolóògbé. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì, ló tọ́ ọ dàgbà sí Kùtọnú. Ìmàle ni wọ́n, bíi ti àwọn Fàúsátù. Ọmọkùnrin náà ga, ó dúdú, ó ń dán. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọkàn Fàúsátù a máa ṣe bí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan! Ó ń ṣàwàdà, ó ń tún pẹ́dà ṣe, ó ń já búrẹ́dì gbígbóná sí méjì fún un, ọ̀rọ̀ tí Fàúsátù ń retí kò jáde.

Ọjọ́ tí Fàúsátù máa padà sí Èkó, Abọ́dúnrìn sìn ín dé Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Àgbádárìgì àti Ọ̀jọ́. Ó so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fà á wò, ó tún un so. Omi ń tàn yanran. Àwọn èrò ń pariwo kí wọ́n tètè wọlé.

"Màá wá," ni ó wí.

"Wá ṣe kí ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Màá wá wo bóyá kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe dáadáa."

Ọkọ̀ gbéra. Fàúsátù jókòó, ó di kẹ̀kẹ́ mú. Ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò wá wò ni, àbí èmi? Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́, kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi gbọ̀n? Bó bá jẹ́ èmi, kí ló dé tí kò fi wí? Ó bi omi ọ̀sà náà léèrè títí ó fi dé Ọ̀jọ́. Omi náà ò mọ̀.

Ohun tó tún da orí rẹ̀ rú ni pé, nígbà tó délé, ọ̀tún ló ń yà. Gbogbo Òkokomáíkò ń gba òsì, òun ń gba ọ̀tún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu onígàrí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ìmáàmù. Lọ́jọ́ kan ní Ìyànà Ìbà, bọ́lẹ̀kájà kan fọn fèrè mọ́ ọn kíkankíkan, ó ki bíréèkì, eruku bo gbogbo ilẹ̀, ta ló sì fò bọ́ sílẹ̀ bí kò ṣe Mùsílíù dírẹ́bà, bàbá rẹ̀.

"Fàúsá! Ṣé o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Orí mi ló dàrú."

"Orí ẹni kì í ṣàdédé dàrú," ni Mùsítúrà ìyá rẹ̀ wí nílé lọ́jọ́ náà, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo iṣu bóyá ó ti jinná. "Ta ni ó ń jẹ́?"

Abọ́dúnrìn ló ń jẹ́, kò sì pẹ́ tó fi dé. Ó bá ọkọ̀ ojú omi dé Ọ̀jọ́, ó fẹsẹ̀ rìn wá sí Òkokomáíkò, eruku bò ó dé orúnkún. Ó gbọn kẹ̀kẹ́ náà wò, ó yí àgbá rẹ̀, ó ní ó ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá wo Fàúsátù. "Kẹ̀kẹ́ ti tán. Fàúsá, irọ́ ni mo pa fún ọ ní Àjàṣẹ́. Láti ọjọ́ tí o ti bì mí lulẹ̀ ni mi ò tíì dìde."

Fàúsátù fi ìborùn bojú. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbé garawa, ó tún un gbé kalẹ̀.

Àmọ́ Mùsílíù wà nílé.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mùsílíù gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ò rí ẹ̀gbin kankan lára rẹ̀. Ó tilẹ̀ ní ó dà bí ọmọ tó jẹun ilé yó. Ó wá nu ojú rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n èmi ní òfin kan. Ilé tí mi ò bá lè fúnra mi wa mọ́tò dé, mi ò fọmọ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n wá tọrọ Tàíbátù, ẹ̀gbọ́n Fàúsá, mo wa mọ́tò dé Ìbàdàn láì sọ fẹ́nì kan, mo wọlé bá wọn, mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Bí wọ́n ṣe gbé omi yẹn fún mi ni mo fi mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ mi bá pariwo lóru, mo gbọ́dọ̀ lè ṣáná sí mọ́tò kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Bàbá, Kùtọnú ò jìnnà, sà. Ọ̀nà Ìdíìrókò dáa."

Ojú Mùsílíù yí padà. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Fàúsátù náà mọ̀ ọ́n: nígbà kan rí, bàbá rẹ̀ ti gbé ata lọ sí Àjàṣẹ́. Bó ṣe kọjá bódà báyìí ni ọ̀tún àti òsì pò mọ́ ọn lójú, tòun tata ló bá ara rẹ̀ nínú kòtò, àwọn ọmọdé ilẹ̀ náà sì ń jó yí i ká. Ó ti búra pé òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́.

"Ọwọ́ mi yìí," ni Mùsílíù wí, ó na ọwọ́ méjèèjì tó ti le bí awọ, "ó mọ òsì ju bó ṣe mọ ẹnu mi lọ. Mi ò lè wakọ̀ nílẹ̀ yín. Nítorí náà, ọmọ mi ò lè gbé ibẹ̀. Má bínú, ọmọ mi. Jẹun kó o tó máa lọ."

Fàúsátù tẹ̀ lé Abọ́dúnrìn dé etí omi Ọ̀jọ́. Omijé rẹ̀ ò dúró.

"Jẹ́ ká máa lọ," ló wí. "Báyìí. Mo ti mú ìborùn dání. Tí wọ́n bá fi máa wá wa, a ti dé Àjàṣẹ́."

Abọ́dúnrìn mirí. "Mi ò ní jí ọ gbé, Fàúsá."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé bàbá rẹ ò bú mi. Oúnjẹ ló fún mi. Bí mo bá jí ọmọ ẹni tó fún mi lóúnjẹ, irú ọkọ wo ni n óò jẹ́ fún ọ? Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó fi fà ọ́ lé mi lọ́wọ́."

"Ọwọ́ tó lóun ò lè lò nílẹ̀ yín? O fẹ́ kí n jókòó títí ọwọ́ bàbá mi á fi yí padà?" Ìbínú àti ìtìjú gun orí rẹ̀ pọ̀. Ó ti sọ ohun tí obìnrin kì í sọ, wọ́n sì ní rárá. "O ò fẹ́ràn mi tó. Kẹ̀kẹ́ lo wá wò, o ti wò ó. Máa lọ! Má tún padà wá síbí mọ́!"

Abọ́dúnrìn yẹra sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ju òkò lù. Lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀. Fàúsátù yí ẹ̀yìn sí omi, kò wò ó. Ìgbà tó máa fi wò ó, ọkọ̀ ti kéré bí èso kan lórí ọ̀sà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ayé a máa ṣe bí ọmọ tó ń ṣeré. Oṣù kejì ọdún yẹn gan-an ni ariwo kan gba gbogbo rédíò: láti ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo Nàìjíríà yóò kúrò ní òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo mọ́tò yóò máa gbà. Wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri. Wọ́n ń fi í kọrin. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Fàúsátù ń sáré kiri pápá, wọ́n ń kígbe "Ọ̀tún! Ọ̀tún!", igbe náà sì ń gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́, nítorí ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ti Mùsílíù, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí jẹun. Ọjọ́ Àjíǹde pé. Ó kírun, ó wọ mọ́tò, ó yọ síta. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàdúrà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ariwo sójà kan tó ń darí mọ́tò: òsì ni bàbá tún ti lọ bọ́ sí. Mùsílíù sọ̀ kalẹ̀, ó fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹrú tó ṣàìgbọràn.

"Ó tán," ló wí. "Mo ti di èrò."

Fàúsátù ò tíì rí bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà pín in sí méjì. Bí bàbá bá mọ ọ̀tún, òfin rẹ̀ ò ní ẹsẹ̀ mọ́, ọ̀nà Kùtọnú ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún kù fún un ní Kùtọnú? Ẹni tí òun ní kó má padà wá mọ́? Bí bàbá ò bá sì mọ̀ ọ́n, ebi ni. Kí ni òun ń fẹ́ gan-an? Kò mọ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ò lè wo ọwọ́ yẹn kó máa jókòó lásán.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ má wo títì rárá, ẹ má rò ó. Èmi ni kí ẹ máa wò."

"Kí n máa tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́? Èmi Mùsílíù?"

"Ẹ máa tẹ̀ lé ọmọ yín."

Báyìí ni àwọn ará Òkokomáíkò ṣe rí ohun tí wọn ò rí rí: obìnrin lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé níwájú, bọ́lẹ̀kájà ńlá tó ń rọra wọ́ bí ìjàpá lẹ́yìn. Wọ́n lọ sí Ọ̀jọ́, wọ́n gba Àjàngbádì, wọ́n yípo Ìyànà Ìbà. Tí Fàúsátù bá na ọwọ́, bàbá á yà. "Ọ̀tún, Bàbá!" "Mo ti gbọ́, jàre!" "Òsì lẹ tún fẹ́ yà yẹn!" "Mọ́tò ló fẹ́ yà, èmi kọ́!" Fàúsátù gbọ́ èyí, ó dojú kọ iwájú kí bàbá má bàa rí i pé òun ń sunkún.

Ìsinmi parí, wọn ò dẹ́kun. Ọwọ́ Mùsílíù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Èrò padà sínú mọ́tò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn dírẹ́bà mìíràn lójú títì, ìyàwó rẹ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní ara ọkọ òun ti yá.

Láàárọ̀ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Mùsílíù kan ilẹ̀kùn. "Fàúsá, wẹ̀. Wọ aṣọ tó dáa. Kùtọnú là ń lọ."

Fàúsátù kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti lé Abọ́dúnrìn. Báwo ni bàbá yóò ṣe fi ọwọ́ tó jìyà kó tó mọ ọ̀tún wakọ̀ dé ilé ẹni tí kò fẹ́ wọn mọ́? Ní Ọ̀tà, ó la ẹnu. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà..."

"Má bá mi sọ̀rọ̀. Mò ń wo ọ̀nà."

Ní Ìdíìrókò, ó tún là á. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Fàúsá! Ọ̀nà ni mò ń wò!"

Wọ́n kọjá bódà. Wọ́n dé ibi kòtò ọjọ́sí, koríko ti bò ó. Mùsílíù dẹ mọ́tò, ó yọjú láti fèrèsé. "Mo kí ọ o, kòtò," ló wí, ó sì kọjá lọ́wọ́ ọ̀tún bí ọlọ́lá.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kó igi sẹ́nu ààrò nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè dé ilé rẹ̀. Arẹwà àgbàlagbà ni, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. Kò mọ̀ wọ́n rí. Mùsílíù ò sì sọ ẹni tó jẹ́. Ó kí i, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Obìnrin náà wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ ife tó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tọ́ omi náà wò níwájú àlejò, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Mùsílíù mu ún tán. Ó gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọmọ yín ọkùnrin dà, Ìyá?"

"Abọ́dúnrìn? Ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọ̀jọ́ láti ìdájí, sà. Láti ìgbà tó ti ti ọ̀hún dé, kì í jẹun mọ́. Ọmọ kan ní kó má padà wá. Ó ní bó ti wù kó rí, òun á tún lọ bẹ bàbá ọmọ náà, kí wọ́n tiẹ̀ lu òun."

Mùsílíù yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ wo ló ní kó má padà wá?"

Fàúsátù fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ṣe é. Òun wà nílé Abọ́dúnrìn, Abọ́dúnrìn wà nílé òun, omi gbé ọ̀kan lọ, títì gbé ọ̀kan bọ̀, ara wọn ni wọ́n sì ń wá.

Wọ́n sùn síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Abọ́dúnrìn dé, tí ó rí bọ́lẹ̀kájà tó dí ẹnu ọ̀nà wọn pa. Ó rí Mùsílíù tó ń fi búrẹ́dì họ ọbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sójú ibẹ̀, tòun ti ẹrù lọ́wọ́.

"Dìde," ni Mùsílíù wí. "Ṣé wọ́n ṣe ọ́ dáadáa nílé mi?"

"Wọ́n ṣe mí lálejò, sà. Màmá ní ẹ ti wá síbí, pé kí n sùn mọ́jú. Wọ́n ní kí n sùn sórí ibùsùn yín."

"Orí ibùsùn tèmi?" Òkèlè dúró lọ́wọ́ Mùsílíù. "Mùsítúrà! Bí èmi bá pẹ́ níta, orí ẹní ló ń jù mí sí o!"

Ẹ̀rín pa Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó rọra fa àlejò rẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn ààrò, pé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń yọ búrẹ́dì. Ó ku àwọn méjì.

"Mo ní kó o má padà wá mọ́," ni Fàúsátù wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tó o fi wá?"

"Orí mi ló dàrú."

"Abọ́dúnrìn, mo ṣẹ̀ ọ́. Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Má bínú sí mi."

"Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ọ," ló wí. "Kò mọ́ mi lára."

Mùsílíù ní àwọn ò ní pẹ́ mọ́, pé kí Ìyá Oníbúrẹ́dì wọ aṣọ, kí wọ́n jọ lọ sí Òkokomáíkò kí ìyàwó òun náà lè rí i. Ó gbé e jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, níbi tí dírẹ́bà máa ń fi ẹni iyì sí. Ó wá wo àwọn ọmọ méjèèjì. Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀yin méjèèjì."

Mọ́tò ń sáré, àga onígi ń gbọ̀n wọ́n, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Abọ́dúnrìn sún mọ́ ọn.

"Fàúsá, bàbá rẹ ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé kò tíì sẹ́ni tó bi ìwọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Fàúsátù wò ó. Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ayé ti lọ, wọ́n ti bọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ó kọjú sí igbó ọ̀pẹ tó ń sá kọjá. Ó fẹ́ gbọ́ bí ìbéèrè náà ṣe ń dùn létí fún ìgbà díẹ̀ sí i. Abọ́dúnrìn dúró títí. Ó tún ara rẹ̀ ṣe. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá kan òun náà báyìí kí ọ̀tún àti òsì dàrú mọ́ ọn lójú.

Wọ́n dé bódà. Ọlọ́pàá kan fi ọwọ́ lu ara mọ́tò, ó yọrí wọlé láti ẹ̀yìn.

"Mádàámù, ìwọ ọmọ Òkokomáíkò ni, bàbá tó wà níwájú ti sọ fún mi. Ọkùnrin yìí ńkọ́? Kí ló jẹ́ sí ọ?"

Níwájú, Mùsílíù pa ẹ́ńjìnì mọ́tò.

"Ọkọ mi ni," ni Fàúsátù wí.